Oúnjẹ Sílíńdà Kọ̀ọ̀kan: Lámèyítọ́ Ẹ́ńjìnnì Mercedes 300 SL

Ibi tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ asáré bá ti jókòó, àríyànjiyàn kábúrétọ̀ àti ínjẹ́ṣọ̀n kì í pẹ́ dé. Ẹni tó fara mọ́ kábúrétọ̀ á ní ohun tí òun lè fi ọwọ́ ara òun tú, kí òun sì fi ọwọ́ ara òun tò padà, ni òun ń fẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì òun. Ẹni tó fara mọ́ ínjẹ́ṣọ̀n á ní agbára ni òun ń wá, agbára tí kò ní í fi epo ṣòfò. Bí iyàn bá wá gbóná tán, ẹni kejì yìí á dárúkọ Mercedes-Benz 300 SL ti ọdún 1954, ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè, torí òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún títà tí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù four-stroke rẹ̀ ń gba epo láti ẹnu nọ́sù dípò kábúrétọ̀. Á ní ọdún yẹn ni ẹjọ́ ti parí.

Mo fẹ́ yẹ ẹ́ńjìnnì yìí wò bí a ti ń yẹ ìwé tàbí ère wò: kí ni àwọn tó ṣe é ń lépa, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà, níbo ni iṣẹ́ náà ti gún régé, níbo ló ti mẹ́hẹ. Mo ka iṣẹ́ yìí sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù lọ ní ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń yìn ín fún kọ́ ni mo rò pé ó mú un dára, àṣìyìn náà sì ń ṣi àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ́ńjìnnì asáré lónìí lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpìlẹ̀. Lọ́dún 1951, Mercedes gbé ọkọ̀ ńlá kan jáde tí wọ́n pè ní 300, ọkọ̀ àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú. Konrad Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, gùn ún débi pé orúkọ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà lára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, 2,996 cc, kábúrétọ̀ Solex méjì ló ń bọ́ ọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 115. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n ní kí Rudolf Uhlenhaut àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe ọkọ̀ ìdíje. Ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí àwókù ogun, kò sí owó ẹ́ńjìnnì tuntun. Wọ́n mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn àgbà yẹn, wọ́n dà á dẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 50 digirí kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè wálẹ̀, wọ́n gbé Solex mẹ́ta lé e, wọ́n sì fà á dé nǹkan bí agbára ẹṣin 170. Lọ́dún 1952, ọkọ̀ yìí, W194, gba ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, Hermann Lang àti Fritz Riess ló wà á. Lọ́dún kan náà ni Karl Kling àti Hans Klenk fi gba Carrera Panamericana ní Mẹ́síkò.

Kábúrétọ̀ ló gba ife-ẹ̀yẹ méjèèjì. Ẹni tó bá ń sọ pé Mercedes fi ínjẹ́ṣọ̀n gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú kò ka ìtàn náà dáadáa. Kí ló wá dé tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀?

Kábúrétọ̀ kò lo ọgbọ́n kankan ju ọgbọ́n afẹ́fẹ́ lọ. Bí písítìn bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ yẹn gba ọ̀fun tóóró kan kọjá, ó sáré níbẹ̀, ìtẹ̀ rẹ̀ dín kù, epo inú kòtò kékeré tí fílóòtì ń ṣọ́ sì yọ láti ojú jẹ́ẹ̀tì, ó bá a lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ sí i ni epo ń pọ̀ sí i. Ó rọrùn, ó sì lẹ́wà. Lẹ́yìn ọ̀fun yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Níbi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, afẹ́fẹ́ á yà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀kán epo á lọ lẹ̀ mọ́ ara páìpù. Tí sílíńdà méjì tàbí mẹ́ta bá wá ń pín ọ̀fun kan, ọ̀kan á yó, èkejì á máa pebi. Èyí tí ebi epo ń pa máa ń gbóná jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn kà-kà-kà nínú. Kí písítìn má baà jó, mẹkáníìkì á bu epo kún ti gbogbo wọn, àwọn tó ti yó tẹ́lẹ̀ á wá yó ní àyójù. Agbára tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì náà mú wá á sọnù sáàárín ẹni tó pebi àti ẹni tó yó jù. Ọ̀fun mẹ́ta fún sílíńdà mẹ́fà ni W194 ní. Ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará Jámánì ti mọ ọ̀nà mìíràn láti ojú ọ̀run. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì DB 601 tí Daimler-Benz ṣe fún bàálù Messerschmitt Bf 109 ń fín epo tààrà sínú sílíńdà. Merlin tí Rolls-Royce ṣe fún Spitfire, kábúrétọ̀ onífílóòtì ló ní. Bí awakọ̀ Spitfire bá ti imú bàálù wálẹ̀ lójijì, epo inú kòtò fílóòtì á fò lọ sókè, ẹ́ńjìnnì á fọn, epo á tún wá ya bò ó, á kú fúngbà díẹ̀. Ọ̀tá tó ń lé á ti sá lọ. Beatrice Shilling, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Farnborough, ló wá nǹkan ṣe sí i lọ́dún 1941: irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó ní ihò láàárín, tí wọ́n fi dí ọ̀nà epo kí ó má baà ya wọlé kọjá ohun tí ẹ́ńjìnnì lè jẹ. Alùpùpù ló ń gùn láti pápá bàálù kan sí òmíràn kí wọ́n lè fi irin náà sí i. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ obìnrin yìí púpọ̀, torí ó fi hàn pé ẹni tó bá mọ ibi tí àrùn wà gan-an lè fi irin tí kò tó owó ẹyọ tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà tí àwọn olùgbèjà ínjẹ́ṣọ̀n kì í sọ. Rolls-Royce mọ ìdí tí wọ́n fi di kábúrétọ̀ mú. Bí epo bá ń di ooru, ó máa ń gba ìgbóná lára afẹ́fẹ́ tó yí i ká, afẹ́fẹ́ tútù sì máa ń dì ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé púpọ̀ rẹ̀ lè wọ inú sílíńdà. Nínú Merlin, epo ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ á ti tutù, agbára á sì lé. Nítorí náà, láti orí bàálù ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní ojú méjì. Ẹni tó yan kábúrétọ̀ nígbà náà kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Ọ̀nà tí ínjẹ́ṣọ̀n gbà dé ilẹ̀ kò lọ tààrà. Bosch ló ń ṣe pọ́ǹpù rẹ̀, àwọn ọkọ̀ kékeré méjì ní Jámánì, Gutbrod Superior àti Goliath GP 700, ló sì kọ́kọ́ lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, lórí ẹ́ńjìnnì two-stroke. Hans Scherenberg, tó ti ṣiṣẹ́ lórí ti Gutbrod, padà sí Mercedes lọ́dún 1952. Lọ́dún 1953 wọ́n ṣe ọkọ̀ àyẹ̀wò kan, W194 tí wọ́n gbé ínjẹ́ṣọ̀n sí, tí kò jáde fún ìdíje rárá. Max Hoffman, tó ń kó ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù wọ Amẹ́ríkà, ló tẹnu mọ́ ọn pé òun lè ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1954, wọ́n ṣí aṣọ lójú 300 SL ní New York.

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ pọ́ǹpù náà dáadáa, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹwà iṣẹ́ yìí wà. Ó jọ pọ́ǹpù dísù. Ọ̀pá irin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì há pinpin nínú ihò wọn. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí pọ́ǹpù, káàmù tó wà nísàlẹ̀ á sì máa ti ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sókè nígbà tí ó bá kàn án. Gbogbo ìgbà ni ọ̀pá ń rìn ìrìn kan náà, kò gùn sí i, kò kúrú. Báwo ló ṣe wá ń yí ìwọ̀n epo padà? Wọ́n gbẹ́ ìlà kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sí ara ọ̀pá náà. Bí ìlà yẹn bá dé ojú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìtẹ̀ á tú, epo tó kù á padà sẹ́yìn. Tí wọ́n bá yí ọ̀pá náà díẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀, ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ á tètè dé ojú ihò tàbí kí ó pẹ́ dé, ìyẹn ló sì ń sọ bóyá epo kékeré ni sílíńdà máa jẹ tàbí púpọ̀. Irin gígùn kan tó ní eyín ló ń yí ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà rí ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Pẹtiróòlù kò sì ní ọ̀rá bíi dísù, kò lè fi ara rẹ̀ pa àwọn irin náà lára; wọ́n ní láti fún pọ́ǹpù ní ọ́ìlì tirẹ̀ kí ó má baà gé ara rẹ̀ jẹ.

Láti ibẹ̀, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà gbé epo lọ sí nọ́sù mẹ́fà. Inú ihò tí plọ́ọ̀gì máa ń wà nínú ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ ni wọ́n de nọ́sù náà sí, wọ́n sì wá ibòmíràn fún plọ́ọ̀gì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń wo èyí bí ọgbọ́n àrékérekè lásán. Lójú tèmi, ìwà ọmọlúàbí iṣẹ́ ni: ẹni tí kò lówó láti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun lo ihò tó ti wà nílẹ̀.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń rí ìwọ̀n tirẹ̀ gbà láti ọwọ́ ọ̀pá tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹ nínú abọ́ ẹnìkejì mọ́. Páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé kò gbé epo dání mọ́, nítorí náà wọ́n lè mú un gùn, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n kí ìgbì afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa ti ara rẹ̀ wọlé, láìbẹ̀rù pé epo á jábọ́ sí kọ́rọ́ kankan. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà pẹ̀lú eré àsápajúdé, kò sí kòtò fílóòtì tí epo inú rẹ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtutù tí mo sọ nípa Merlin pàápàá kò sọnù pátápátá, torí inú sílíńdà gan-an ni epo ti ń di ooru, ibẹ̀ ló sì ti ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Àbájáde rẹ̀ ni agbára ẹṣin 215, àti eré tí ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ó lè dé 260 kìlómítà ní wákàtí kan bí gíà ẹ̀yìn bá jẹ́ èyí tó gùn jù.

Níbí ni mo ti ní láti dá àwọn olùyìn dúró díẹ̀. Wọ́n á mú 170 ti W194, wọ́n á mú 215 ti 300 SL, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wọ́n á ní agbára ẹṣin 45 ni ínjẹ́ṣọ̀n bù kún un. Ìṣirò náà kò dúró. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tà lọ́dún 1954 kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ọdún 1952 tí wọ́n kàn pààrọ̀ orísun epo rẹ̀. Wọ́n tún gbogbo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ṣe. Ínjẹ́ṣọ̀n ló fún wọn láyè láti ṣe é bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ínjẹ́ṣọ̀n sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lónìí láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn, tó sì ń retí èrè bí ti 300 SL, ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àbùkù iṣẹ́ náà ńkọ́? Ó ní, kò sì kéré. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù. Bí awakọ̀ bá pa iná ọkọ̀, plọ́ọ̀gì á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á ṣì yí fúngbà díẹ̀ kó tó dúró. Ní gbogbo àkókò yẹn, pọ́ǹpù kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ó ṣì ń fín epo sínú sílíńdà tí kò sí iná nínú rẹ̀. Epo tí kò jó yìí á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, á ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn, á lọ dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Tí ọkọ̀ bá ń rin ìrìn jíjìn lójoojúmọ́, ọ́ìlì á gbóná, pẹtiróòlù inú rẹ̀ á fò lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe táńkì ọ́ìlì ọkọ̀ yìí tóbi, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ ìtutù, nítorí ìdíje ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá ń fi í lọ sí ọ́fíìsì tí kò jìnnà, ọ́ìlì rẹ̀ kì í gbóná tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan máìlì, ìyẹn bíi 1,600 kìlómítà. Ọkọ̀ tí owó rẹ̀ jẹ́ DM 29,000, tó ń ba ọ́ìlì ara rẹ̀ jẹ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pa á. Kábúrétọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó yẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń fa epo rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dúró, ìfà náà ń kú lọ.

Mo ka àbùkù yìí sí pàtàkì ju agbára ẹṣin lọ, torí ó fi ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín méjèèjì hàn. Kábúrétọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan pé mélòó ni ó fẹ́. Pọ́ǹpù ní láti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ta ló ń sọ fún un nínú 300 SL? Ní ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n ṣe ọ̀fun tóóró kan, páìpù kan sì ti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn pọ́ǹpù, níbi tí awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan ti ń gba ìfà afẹ́fẹ́ náà tó sì ń ti irin eléyín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀fun tóóró! Ohun kan náà tí kábúrétọ̀ ń lò. Àwọn tó kọ kábúrétọ̀ sílẹ̀ ní láti mú ojú rẹ̀ dání kí pọ́ǹpù wọn lè ríran. Èyí kò dín iyì wọn kù lójú mi. Ó fi hàn pé wọ́n mọ ohun tó yẹ ká pa mọ́.

Àbùkù kejì ni pé ìmọ̀ tí wọ́n fún pọ́ǹpù náà kò ṣeé yí padà ní ojú títì. Wọ́n gé ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ àti sípíríǹgì rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì kan pàtó. Bí o bá pààrọ̀ káàmù ẹ́ńjìnnì, tàbí o mú páìpù èéfín rẹ̀ fẹ̀, ìwọ̀n epo tó ń fẹ́ á yí padà, pọ́ǹpù á sì ní láti lọ sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fi wé kábúrétọ̀ Weber ti Ítálì, irú DCOE. Jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀: 130 túmọ̀ sí pé ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 1.30. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pebi, o ṣí ìdérí kékeré tó wà lókè, o yọ 130, o fi 135 sí i, o dé e padà, o tún gbéra. Jẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, páìpù oníhò tó ń da epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ wà lọ́tọ̀, ọ̀fun rẹ̀ pàápàá ṣeé yọ. Gbogbo ohun tí kábúrétọ̀ náà mọ̀ wà nínú páálí kékeré kan tí mẹkáníìkì lè fi sápò.

Kí ni pápá ìdíje wá sọ? Láti ọdún 1958 títí dé 1969, ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ló ń gba Le Mans lọ́dọọdún. Ferrari, Aston Martin, Ferrari lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọdún mẹ́fà léraléra láti 1960 sí 1965, lẹ́yìn náà Ford. Ọdún méjìlá gbáko lẹ́yìn tí 300 SL ti jáde ni mo ń sọ yìí. Ọdún 1970 ni Porsche 917 tó ní ínjẹ́ṣọ̀n Bosch tó já okùn náà. Bí ẹjọ́ bá ti parí lọ́dún 1954 lóòótọ́, ẹnì kan ìbá ti sọ fún àwọn ará Ítálì.

Ẹ wo Ferrari 250 GTO ti ọdún 1962. Lítà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bíi ti 300 SL, ṣùgbọ́n nǹkan bí agbára ẹṣin 300 ló ń mú wá. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 12 tó lè yí kíákíá ni, nítorí náà n kò ní fi agbára wọn wéra bí ẹni pé ọ̀ràn epo nìkan ló yà wọ́n. Ohun tó wù mí kí ẹ wò ni ohun tó wà lórí rẹ̀: kábúrétọ̀ Weber mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀fun méjì. Ọ̀fun méjìlá fún sílíńdà méjìlá. Kò sí ìpín, kò sí kọ́nà tí epo á lẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó yó kí ẹnìkejì pebi. Ohun tí Mercedes ní Stuttgart fi ọ̀pá irin mẹ́fà rí gbà ni Ferrari ní Maranello fi ọ̀fun méjìlá rí gbà. Àwọn méjèèjì tọ́jú àrùn kan náà. Ibi tí mo dúró sí nìyí: iyì 300 SL wà nínú pé ó fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ tirẹ̀, bóyá nọ́sù ló gbé oúnjẹ náà wá tàbí ọ̀fun, ìyẹn wá lẹ́yìn.

Mercedes fúnra wọn jẹ́rìí sí i. Nígbà tí wọ́n ń ta 300 SL, wọ́n ń ta 190 SL lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Solex méjì, agbára ẹṣin 105, DM 16,500, fún ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ tó rẹwà láìní wàhálà ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n sì gbé ínjẹ́ṣọ̀n lọ sí 220 SE lọ́dún 1958, wọn kò fín epo sínú sílíńdà mọ́. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni wọ́n gbé nọ́sù sí. Bí 230 SL ti ọdún 1963 ṣe rí náà nìyẹn. Fífín epo tààrà sínú sílíńdà di ohun tí ọkọ̀ pẹtiróòlù gbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Mitsubishi fi gbé e padà sí ọjà lọ́dún 1996, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti wà láti dá nọ́sù dúró ní ìṣẹ́jú tí awakọ̀ bá pa iná. Èrò 300 SL tọ̀nà. Ohun tó kù fún un ni ọpọlọ tó lè darí rẹ̀.

Ọpọlọ yẹn ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box. Bosch bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú D-Jetronic lọ́dún 1967, lórí Volkswagen 1600, nígbà tó sì di 1979, Motronic ti ń darí epo àti iná plọ́ọ̀gì pa pọ̀ lórí BMW. Látìgbà náà ni àbùkù kejì ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gé sára irin tẹ́lẹ̀ ti di nọ́ńbà tí èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ yí padà, ó sì yá ju pípààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn oníkábúrétọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìdíje ńláńlá ní Amẹ́ríkà gbà bẹ́ẹ̀: NASCAR fi kábúrétọ̀ sílẹ̀ nínú ìdíje rẹ̀ tó ga jù lọ́dún 2012, Pro Stock ti NHRA tẹ̀ lé e lọ́dún 2016.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó bá ní Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kaduna, tàbí Volkswagen Beetle, tó fẹ́ kó máa fò. Kábúrétọ̀ ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, àwọn àgbà mẹkáníìkì sì mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. Epo wa kì í fi ìgbà gbogbo mọ́. Ìdọ̀tí tí wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ fọn jáde lójú jẹ́ẹ̀tì á dí ẹnu nọ́sù pa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ínjẹ́ṣọ̀n lé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá fílítà gidi, kó tún táńkì rẹ̀ fọ̀, kó sì rí ẹni tó lè ka brain box láìsọ ọ́ di àṣírí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Ínjẹ́ṣọ̀n kan wà tí wọ́n ń tà báyìí tí wọ́n ń dè sí orí páìpù àtijọ́, gẹ́lẹ́ níbi tí kábúrétọ̀ wà. Nọ́sù rẹ̀ ń fín epo sínú ọ̀fun kan tí gbogbo sílíńdà á ṣì máa pín. Á rọrùn láti tẹ iná rẹ̀ láàárọ̀, á máa tún ara rẹ̀ ṣe bí ojú ọjọ́ bá yí, kò burú. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àrùn tí 300 SL tọ́jú lọ́dún 1954, ẹni tó bá rà á nítorí agbára ti sanwó fún orúkọ. Fún ẹ́ńjìnnì asáré, èyí tó ní Weber tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ọ̀fun kan fún sílíńdà kan, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ sì wá ẹni tó mọ jẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹ ń kọ́ láti ìpìlẹ̀ lónìí, ẹ fún un ní nọ́sù kan fún sílíńdà kan àti brain box tó ṣeé tún kọ. Kí ẹ tó san owó fún ohunkóhun láàárín méjèèjì, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé sílíńdà mélòó ló ń pín ọ̀fun kan. Tó bá ní ó ju ọ̀kan lọ, ẹ má tìtorí agbára rà á.